Ibùdókọ̀ Tí Wàsíù Fò

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá sí pápá wa máa ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe kí ẹ tó fẹ̀yìn tì?" Bí mo bá ní omi ni mo ń gbé, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Èyí tó láyà nínú wọn á ní, "Ṣé ìyẹn náà niṣẹ́?" Mi ò kì í bínú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ náà rèé. Nínú eré rọ́gíbì, kóòṣì kì í wọ pápá. Ẹ̀yìn ìlà ló ń dúró sí, ariwo èrò kì í sì í jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹni tí òfin gbà láyè láti sáré wọlé ni ẹni tó ń gbé omi. Bó ṣe ń fún wọn lómi ló ń fi ẹnu jíṣẹ́ tí kóòṣì rán an, òun náà ló sì ń wo ẹni tó bá fara pa. Nínú ìdíje tiwa, bí olómi bá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, tó fi wọ́n dábùú ara wọn lókè orí, ẹni tó dúró tì gbọ́dọ̀ jáde. Kò tún ní wọlé mọ́ lọ́jọ́ náà. Kóòṣì gan-an ò lè yí i padà.

Mo ti gbé ọwọ́ mi sókè bẹ́ẹ̀ fún ọmọ kan nígbà tí ẹni tó fẹ́ mú un lọ sí òkè òkun jókòó tó ń wò ó. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ láìsọ ohun tó sọ mí di ẹni tí mo jẹ́.

Múṣin ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń kan àga lẹ́bàá Ọlọ́ṣà. Mo ka ìwé mẹ́wàá, mi ò kà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilé-ìwé ni tíṣà kan ti gbé bọ́ọ̀lù tó dà bí ẹyin wá fún wa, tó ní ọwọ́ la ó máa fi gbé e sáré, pé ẹni tó bá gbé e ni kí a dá dúbúlẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Sùnkànmí, ọmọ Ìtìrẹ́, la kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí a jáde ilé-ìwé, a wọ ẹgbẹ́ kan ní Súrùlérè tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Àgbò. Orúkọ náà wù wá. A máa ń sọ pé àgbò tó bá fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, a ń fi ara wa kọ́ra. Èmi àti Sùnkànmí sáré láti apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti dá ẹnì kan dúró. Ẹni náà yẹ̀. Orí èmi àti Sùnkànmí ló pàdé. Ẹ̀wù kan náà la wọ̀.

Ẹni tó ń gbé omi nígbà náà ni Ọ̀gá Làmídì, bàbá kúkúrú kan tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun nígbà èwe rẹ̀. Ó gbé garawa àti kànìnkànìn rẹ̀ wá. Ó fi omi tutù nù wá lójú, ó bi wá pé, "Ṣé ara yín le?"

Sùnkànmí ní, "Koko bí ọta, Ọ̀gá!"

Èmi náà ní, "Koko."

A dìde, a ń bá eré lọ. Sùnkànmí tiẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù débi tí a ń gbé e dé. Nígbà tí a parí, ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀, pé oòrùn ni. A jọ wọ ọkọ̀ kan náà. Nígbà tó bọ́ sílẹ̀ ní Ìtìrẹ́, ó lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ó dàárọ̀ o, olórí òkúta."

Àbúrò rẹ̀ ló wá kan ilẹ̀kùn wa láàárọ̀. Ó ní Sùnkànmí sùn, kò jí.

Èmi ń bì nígbà náà. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdí-Àràbà, mo sì pẹ́ níbẹ̀. Ara mi padà bọ̀ sípò, àfi etí òsì tí kò gbọ́ràn mọ́. Títí di òní, ó ń dún bí ẹ̀rọ amúnáwá tí wọ́n tàn ní òpópónà kejì. Bí ilé bá pa rọ́rọ́, òun nìkan ni mò ń gbọ́.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Bí wọ́n bá pa ilẹ̀kùn gbàgà, àyà mi á já. Bí ọmọ bá fi orí gbá ara ògiri, mo máa ń jókòó tì í títí á fi sùn, màá tún máa jí i wò. Ìyàwó mi ti sọ ọ́ títí ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti gbàgbé. Orí méjì ló pàdé, ọ̀kan ló kù. Ẹni tó kù kì í gbàgbé.

Nígbà tí mo gbádùn tán, Ọ̀gá Làmídì wá sílé wa. Ó jókòó sórí àga tí bàbá mi ò tíì kàn tán, ó ní, "Ẹ fún mi lọ́mọ yìí. Kò lè ṣe eré náà mọ́, ṣùgbọ́n ó lè bá mi gbé omi." Bàbá mi ní kí ni èrè iṣẹ́ náà. Ọ̀gá ní kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Bó ṣe rí náà nìyẹn. Iṣẹ́ àga tí mo kọ́ lọ́wọ́ bàbá mi ni mo fi ń gbọ́ bùkátà ní gbogbo ìgbà tí mo fi gbé omi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọ̀gá Làmídì le. Kì í na ènìyàn, ṣùgbọ́n ó sàn kí ó na ni. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó kọ́ mi ni pé ẹnu olómi kì í ṣe tirẹ̀. Iṣẹ́ tí kóòṣì bá rán an ni kí ó jẹ́, kò gbọ́dọ̀ fi kún un, kò gbọ́dọ̀ yọ nínú rẹ̀. Yóò sọ gbólóhùn kan sí mi létí, yóò ní kí n gbé ìgò omi sáré yí pápá ká, kí n wá sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

"Kí ni mo ní kí o wí?"

"Ẹ ní kí wọ́n sún mọ́ ara wọn lápá òsì, ẹ jọ̀ọ́."

"Ta ló sọ 'ẹ jọ̀ọ́'? Èmi?"

"Rárá, sà."

"Ṣé báárà ni Kóòṣì ń ṣe lọ́wọ́ wọn ni? Padà lọ sáré."

Mo sáré títí ó fi kúrò lẹ́nu mi.

Ẹ̀kọ́ kejì ló gba àkókò jù. Láti ìgbà ikú Sùnkànmí, Ọ̀gá ò bi ẹnikẹ́ni mọ́ pé ṣé ara rẹ̀ le. Ó ní, "Ẹni tó wà lórí pápá, irọ́ ló máa pa fún ẹ, irọ́ náà á sì dùn létí ẹ. Bi í ní ohun tí kò lè fi akínkanjú dáhùn." Ohun tó wá ń bi wọ́n ni ibùdókọ̀. Ọmọ ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wa nígbà náà. Ó máa ń ní kí ẹni tó fara pa ka ibùdókọ̀ láti Ojúẹlẹ́gbà dé Òṣòdì: Ojúẹlẹ́gbà, Mọ́ṣáláṣí, Ìdí-Òro, Ọlọ́ṣà, Múṣin, Ládìpọ̀, Òṣòdì. Ó ní ẹni tí orí rẹ̀ pé á kà á bí ẹni ń ka Fátíà. Ẹni tó bá fo ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kó jáde. Ẹni tó bá ti ibòmíràn wá, kó ka ti ojú ọ̀nà tiwọn.

Láti jẹ́ kí etí mi mọ́ ọn, òun fúnra rẹ̀ á máa kà á fún mi, á sì mọ̀ọ́mọ̀ fo ọ̀kan. Ó lè jẹ́ ìgbà tí mò ń jẹun. Ó lè jẹ́ ìgbà tí mò ń fọ ìgò. Bí mi ò bá dá a dúró, á gbé oúnjẹ náà kúrò níwájú mi.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, bí iṣẹ́ tí Kóòṣì rán mi bá wá lòdì sí ohun tí ojú mi rí ńkọ́?"

Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Jẹ́ ẹ tán. Lẹ́yìn náà, gbé ọwọ́ ẹ sókè."

Ọ̀gá Làmídì dàgbà, ó fi garawa sílẹ̀ fún mi, ó sì kú sílé rẹ̀ ní Múṣin láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Garawa náà ò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìgò oníke tí a ń fi ọwọ́ fún dé. Yìnyín inú kúlà rọ́pò kànìnkànìn. Kí a tó mọ̀, àwọn ọmọ ti ń fi fóònù ya àwòrán eré, wọ́n ń wò ó padà, wọ́n ń bá kóòṣì jiyàn. Ojú tí wọ́n fi ń wo olómi yí padà náà. Wọ́n ní kí ni ń jẹ́ ibùdókọ̀ nígbà tí fóònù wà? Mi ò jiyàn. Mò ń ka tèmi lọ.

Eré náà gan-an yí padà. Ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la máa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní àwọn ọdún tí kò tíì pẹ́ yìí, ẹgbẹ́ wa bọ́ sínú ti ẹni mẹ́tàlá. Nínú tiwọn, ìgbà mẹ́fà péré ni wọ́n lè dá yín dúbúlẹ̀ kí ẹ tó yọ̀ǹda bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì. Kò sí àyè ìranù. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ìkọ̀ọ̀kan ṣe.

Kóòṣì tí a ní nígbà náà, Kóòṣì Dèjì, tíṣà ìṣirò ní Yábàá, mọ̀ ọ́n. Ìdérí ìgò ló fi ń kọ́ wa. Á tò wọ́n sórí tábìlì, á máa sún wọn kiri. Ìlànà rẹ̀ kò ṣòro. Lẹ́ẹ̀mẹta àkọ́kọ́, àwọn ọmọ tó síngbọnlẹ̀ á gbé bọ́ọ̀lù gba àárín, kí àwọn ọ̀tá lè kó ara wọn jọ síbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin, a ó gbé e lọ sápá òsì, gbogbo ojú á tẹ̀ lé e. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹnì kan lápá ọ̀tún á máa fẹ̀yìn rìn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ti rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹni tó ń fẹ̀yìn rìn. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, bọ́ọ̀lù á yí padà sọ́tùn-ún, ẹni yẹn á sì ti òkèèrè bọ̀ pẹ̀lú gbogbo eré ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹni yẹn ni Wàsíù.

Alhaji, bàbá Wàsíù, ń ta gíàbọ́ọ̀sì àlòkù ní Ládìpọ̀. Iwájú ibùdókọ̀ gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Láti kékeré ni Wàsíù ti ń fò bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró, àwọn ọmọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ a sì máa pariwo pé, "Wàsíù, bíréèkì ẹ ti já!" Bó ṣe ń sáré lórí pápá náà nìyẹn. Ọmọ dáadáa ni. Ó máa ń kí mi kí ó tó kí Kóòṣì.

Ìròyìn rẹ̀ dé etí ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní àwọn á rán ẹnì kan wá wò ó nígbà àṣekágbá ìdíje wa. Bí ó bá wu ẹni náà, ó ń lọ nìyẹn. Gbogbo Ládìpọ̀ gbọ́. Alhaji ti sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé àwọn gíàbọ́ọ̀sì tó ń bọ̀, ọmọ òun ló máa fi wọ́n ránṣẹ́ láti òkè òkun.

Ẹgbẹ́ tí a fẹ́ bá pàdé ti wo eré wa lórí fóònù. Wọ́n ti mọ Wàsíù. Ẹni méjì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Kóòṣì Dèjì sún ìdérí ìgò rẹ̀ títí, ó ní ó yé òun. "A ó fi Wàsíù tàn wọ́n. Kó máa sáré bọ̀ bí ìṣe rẹ̀, kí àwọn méjì yẹn tẹ̀ lé e, kí bọ́ọ̀lù gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn." Wàsíù gbà. Ó ní bí a bá ṣáà ti borí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ní abala àkọ́kọ́. Ó ṣiṣẹ́. A ti ń ṣíwájú wọn dáadáa. Wàsíù ò fẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù.

Nígbà ìsinmi, Alhaji kọjá ìlà wọlé wá bá wa. Ó wọ agbádá funfun. Ó na ọwọ́ sí ibi tí àlejò òyìnbó náà jókòó sí.

"Kóòṣì, ọkùnrin yẹn ò wọ ọkọ̀ òfuurufú wá láti wá wo ọmọ mi tó ń sáré lọ́wọ́ òfo."

"Alhaji, à ń borí."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń borí. Ọmọ tèmi ńkọ́?"

Kóòṣì wo Wàsíù. Wàsíù wo ilẹ̀. Kóòṣì ní ó dáa, ní abala kejì, kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún un. Gbogbo wa mọ̀ pé ẹni méjì ń dúró dè é. Mo ń rọ omi sínú ìgò, mi ò sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó rán mi.

Wọ́n gbé e fún un lẹ́ẹ̀kíní, ó já wọn sílẹ̀, èrò hó yèè. Òyìnbó náà dìde dúró. Wọ́n tún gbé e fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀kan mú un lẹ́sẹ̀, èkejì sì fi èjìká pàdé rẹ̀ lókè. Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà, pẹ̀lú etí kan tí mo ní. Wàsíù ṣubú, ó sì dìde kíá. Ó yá jù. Ó wá dúró, ó dojú kọ ibi tí kò yẹ kó dojú kọ.

Wọ́n fọn fèrè dá eré dúró. Kóòṣì dì mí lápá. "Sọ fún wọn: kí wọ́n tún gbé e fún Wàsíù, apá ọ̀tún."

Mo sáré wọlé. Mo na ìgò sí i.

"Wàsíù, gba omi."

Ó gbà á, ó mu ún, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n Olómi, omi yín gbóná o. Ṣé tíì ni?"

"Láti Ojúẹlẹ́gbà dé Òṣòdì."

"Ẹ̀gbọ́n, nísinsìnyí?"

"Kà á."

Ó kà á bíi kọ̀ńdọ́. "Ojúẹlẹ́gbà, Mọ́ṣáláṣí, Ìdí-Òro, Ọlọ́ṣà, Múṣin, Òṣòdì! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín.

"Tún un kà."

Ó tún un kà. Ó rọra kà á lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀kan náà ló tún fò.

Kápítẹ̀nì wa ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó kà á dáadáa, ẹ jẹ́ ká máa bá eré lọ. Ta ni kì í fo ibùdókọ̀?"

Mo bi Wàsíù pé, "Ládìpọ̀ dà?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo dárúkọ ìlú tí kò dé rí. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dẹ́rẹ́bà ò dúró níbẹ̀ ni."

Gbogbo wọn tún bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Láti ibi tí mo dúró sí, mò ń rí agbádá funfun bàbá rẹ̀. Wàsíù sún mọ́ mi, ó sọ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe é. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ wo ọkùnrin yẹn lọ́hùn-ún."

Mo kọjú sí kápítẹ̀nì. Mo ní, "Kóòṣì ní kí ẹ tún gbé e fún Wàsíù, apá ọ̀tún." Mo jẹ́ ẹ tán, mi ò fi nǹkan kan kún un. Lẹ́yìn náà, mo gbé ọwọ́ mi sókè.

Mi ò ní sọ pé ìgboyà ni. Ẹ̀rù ló gbé e sókè. Mò ń gbọ́ ẹni tó ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ní Ìtìrẹ́.

Wàsíù jáde. Àwọn ọmọ wa ò mọ ohun tí wọn ó ṣe mọ́, wọ́n ti gbàgbé ẹ̀tàn tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n borí wa. Kí eré tó parí, òyìnbó náà ti lọ. Alhaji wá bá mi níbi tí mo ti ń kó ìgò.

"Olómi, ṣé ìwọ lo bí i?"

"Rárá, Alhaji."

"Ta ló wá fún ẹ láṣẹ lórí orí rẹ̀?"

Mo ń kó ìgò mi lọ. Wọ́n gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fi ẹ̀rọ wo orí rẹ̀, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan, kó lọ sinmi. Ìyẹn ló wá burú. Ká ní wọ́n rí nǹkan ni, ẹnu á mẹ́nu. Múṣin gbọ́ pé mo fa ọmọ tí nǹkan kan ò ṣe jáde níwájú ọ̀nà òkè òkun. Wọ́n sọ mí ní Panápaná. Bí mo bá ń kọjá, àwọn ọmọ tó wà níwájú ilé a ní, "Panápaná ti dé o! Ẹ pa sítóòfù yín!" Ìyàwó mi ní kí n rẹ́rìn-ín sí i. Mo gbìyànjú.

Ẹnikẹ́ni ò tún pe Wàsíù láti òkè òkun. Òun náà ò tún wọ bàtà eré mọ́. Ó bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, wọ́n sì ní èmi ni mo pa ọkàn rẹ̀. Mo ń gbé omi lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Òṣòdì, tí a bá ti ń sún mọ́ Ládìpọ̀, apá kejì ọ̀nà ni mò ń wò.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ẹgbẹ́ ra rédíò kékeré tí wọ́n ń kì sétí. Etí òsì ló wà fún, nítorí bí okùn rẹ̀ ṣe rí. Etí òsì mi ò sì ṣeé lò. Mo rí i pé àsìkò ti tó. Mo fi ìgò sílẹ̀, wọ́n kí mi, mo padà sídìí àga.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ bá ní òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò ní dá a dúró, mi ò sì ní tì í síbẹ̀. Kí ó mọ̀ pé bí ó bá ṣe é dáadáa, kò sí ohun tí wọ́n máa rí. Ẹni tí kò kú ò ní wá dúpẹ́ pé òun ò kú, nítorí kò mọ̀. Kí ó ní iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn. Kí ó má ṣe bi ẹnikẹ́ni bóyá ara rẹ̀ le.

Èyí tí màá fi kún un ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìn tì. Wàsíù pè mí lórí fóònù. Ó ní bí mo bá ráyè, kí n yà sọ́dọ̀ òun. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Mo ṣáà lọ. Mo bọ́ sílẹ̀ ní Ládìpọ̀.

Ó wà láàárín àwọn gíàbọ́ọ̀sì, òróró ẹ́ńjìnnì dé ìgbúnwọ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Bàbá rẹ̀ ti lọ kírun Àsárì. Ó fún mi ní àga, òun náà jókòó, ó ń fi àkísà nu ọwọ́ tí kò ní í mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Lọ́jọ́ yẹn, kí ni mo sọ fún yín?"

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ tí ẹ mú mi jáde. Wọ́n ní mo sọ nǹkan kan, gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mò ń so okùn bàtà mi láàárọ̀ ni mo rántí mọ. Wọ́n ní a kọ́kọ́ ń borí. Wọ́n ní òyìnbó dìde fún mi. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ."

"O ò sọ fún dókítà?"

"Wọ́n bi mí pé ṣé ara mi le." Ó ń nu ọwọ́ lọ. "Mo ní koko."

Mo di apá àga mú.

Ó ní, "Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò ní pè mí mọ́. Nígbà tí wọn ò wá pè mí, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Wọ́n ń pè yín ní Panápaná, mo ń gbọ́. Kí ni mo sọ, Ẹ̀gbọ́n?"

Mo sọ fún un pé ó fo Ládìpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní nígbà tí mo bi í, ó ní dẹ́rẹ́bà ò dúró níbẹ̀.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ kan dúró níwájú wa gan-an, èrò ń bọ́ sílẹ̀, kọ̀ńdọ́ ń pariwo orúkọ ibẹ̀. Wàsíù gbójú sókè wò ó. Ẹ̀rín náà lọ.

Ó ní, "Bàbá mi ò mọ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

"Ẹnu mi kì í ṣe tèmi. Rán mi, màá jẹ́ ẹ."

Ó ronú. "Ẹ sọ pé mi ò rántí ọjọ́ yẹn rárá."

Alhaji dé pẹ̀lú ṣágo omi àlùwàlá lọ́wọ́. Nígbà tó rí mi, ó dúró. Mo dìde, mo kí i, kò tíì dá mi lóhùn tí mo fi sọ ọ́.

"Alhaji, Wàsíù ní kí n sọ fún yín pé òun ò rántí ọjọ́ yẹn rárá."

Mi ò fi nǹkan kan kún un. Alhaji wo ọmọ rẹ̀, ọmọ náà ń wo àkísà ọwọ́ rẹ̀. Alhaji jókòó sórí gíàbọ́ọ̀sì kan pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀, kò bìkítà fún òróró. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sínú kúlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mú ìgò omi kan jáde, ó fi ẹ̀gbẹ́ agbádá rẹ̀ nù ún, ó sì nà án sí mi.

Mo gbà á. Mo mu ún. Ó tutù.